Ọ̀wọ̀ Inú "Would", Àṣẹ Inú "Must"

Àbúrò mi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, inú ń bí i. Ọ̀gá rẹ̀ ló bá a níbi tó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ọ̀gá yìí wo bẹ́ẹ̀dì náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "You might want to do that one again." Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "No, thank you, it's fine," ó bá tirẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pè é jókòó pé kì í gbọ́ràn.

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ o. Ó ní mo lè fẹ́ tún un tẹ́. Mi ò sì fẹ́. Kí ni mo wá ṣe tó burú?"

Kò ṣe ohun tó burú. Etí Yorùbá ló fi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Might tó gbọ́, "lè" ló túmọ̀ rẹ̀ sí lọ́kàn ara rẹ̀, ohun téèyàn bá sì lè ṣe, ó lè ṣàì ṣe é. Lẹ́nu ọ̀gá yẹn, àṣẹ ni, àṣẹ tí wọ́n gbé agbádá wọ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn Gẹ̀ẹ́sì n'Íbàdàn, àwọn tó fẹ́ ṣe WAEC àti JAMB, àti lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn àgbà tó fẹ́ ṣe IELTS kí wọ́n lè jápa. Bí wọ́n bá bi mí pé ibo ló ń dà wá láàmú jù nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì, mi ò ní dárúkọ àwọn ọ̀rọ̀ gàgàrà. Àwọn ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́sàn-án kan ni mo máa nàka sí: can, could, may, might, shall, should, will, would, must. Ought to, need àti dare wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá kóun wọlé tàbí kóun padà. Modal verbs ni àwọn onígírámà ń pè wọ́n.

Iṣẹ́ wọn kò ṣòro láti fi Yorùbá ṣàlàyé. Bí mo bá ní "Ṣọlá lọ", ìròyìn ni mo mú wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní "Ṣọlá lè lọ", "Ṣọlá gbọ́dọ̀ lọ", "ó yẹ kí Ṣọlá lọ", "Ṣọlá ì bá ti lọ", ó ṣeé ṣe kí Ṣọlá wà lórí àga rẹ̀ níbẹ̀, kó máa jẹ ẹ̀pà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ dúró sí ló yí padà: mo gbà á láyè, mo pàṣẹ fún un, mo dá a lẹ́bi, mo kábàámọ̀. Nítorí náà ni kíkọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni há táìmù tébù sórí kì í fi í gbè wá. Ẹni tó há a sórí pé might jẹ́ "lè" kò ṣìnà, síbẹ̀ wọ́n pè é jókòó.

Bí wọ́n ṣe ń rìn nínú gbólóhùn kò le, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Wọn kì í gba s: he can ni, kì í ṣe he cans. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé wọn kì í gba s, kì í sì í gba to: he must go ni, kì í ṣe he must goes, kì í ṣe he must to go, tí Píjìn máa ń tì sí wa lẹ́nu. Bí ìbéèrè bá dé, àwọn fúnra wọn ló ń sáré lọ síwájú olùwà. Bí ìyísódì bá dé, àwọn náà ló ń ru not. Méjì wọn kì í gbé ilé kan pọ̀, ẹnì kan ò lè ní "I will can come", àfi kí can wá arọ́pò rán níṣẹ́, ìyẹn be able to: "I will be able to come." Ibẹ̀ ni "I can be able to" tó kún ẹnu wa ti wá. A gbọ́ able lẹ́yìn will, a rò pé ìyàwó can ni. Arọ́pò ni, ọ̀gá àti arọ́pò kì í sì í jókòó sórí àga kan náà.

Kí ló dé tí wọn ò fi gba s? Ní ayé àtijọ́, kí àwọn ará Normandy tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ìrísí ohun tó ti kọjá ni púpọ̀ nínú wọn ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òní ni wọ́n ń sọ. Bí ẹni pé èèyàn ń sọ pé "mo ti kọ́ ọ", tó wá di pé "mo mọ̀ ọ́n" ló ń wí. Ọ̀rọ̀ tó ti kọjá kì í gba s ní Gẹ̀ẹ́sì, he came ni, bẹ́ẹ̀ náà ni he can ṣe ń rìn títí dòní. Will nìkan ló wọ inú ẹbí yìí láti ilé ibòmíràn.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, torí pé bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ojú wọn máa ń là. Ọ̀rọ̀ tó bí can ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "mọ̀" ló túmọ̀ sí. Ẹni tó kọ́kọ́ ní "he can swim", ohun tó ń wí ni pé onítọ̀hún mọ̀wẹ̀. Àwa náà kì í sáábà sọ pé ẹnì kan lè wa ọkọ̀, ó mọ ọkọ̀ wà ni. Ó mọ ọbẹ̀ sè, ó mọ ìlù lù. Will ńkọ́? "Fẹ́" ni. Tẹ́tí sí Yorùbá: òjò fẹ́ rọ̀. Òjò ò ní ọkàn, kò fẹ́ nǹkan kan. Ilé yẹn fẹ́ wó. Ilé wo ló fẹ́ wó? Fífẹ́ ló ń di ọjọ́ iwájú lẹ́nu wa, ọ̀nà tí will gbà di ọjọ́ iwájú lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwa náà ń tọ̀. Títí di òní, bí ará Jámánì bá ní "ich will", "mo fẹ́" ló wí, kò ṣèlérí pé òun máa ṣe é, ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ kọ́ èdè Jámánì ló sì ń já sí kòtò yẹn. May ti inú agbára wá, might tó dá dúró bí orúkọ sì ṣì ń jẹ́ agbára di òní olónìí. Shall ti inú gbèsè wá: ẹni tó ní "I shall" nígbà náà, ó jẹ gbèsè ohun tó fẹ́ ṣe. Must tó ń dẹ́rù bani yìí, ìyọ̀ǹda ni ìtumọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó tó di túláàsì. Lẹ́tà l inú could, ní tirẹ̀, kò wá láti ibì kankan. Coude ni wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n rí l nínú would àti should, tó jẹ́ ogún will àti shall, wọ́n bá fi ọ̀kan há could lọ́nà ọ̀fun kó lè jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí mo bá rí tó gba òdo nítorí l yìí, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí.

Ìjàǹbá wa gan-an wà ní "lè", torí ó ti lágbára jù. "O lè lọ": agbára ni àbí ìyọ̀ǹda? "Òjò lè rọ̀": ìfura ni. "Ó lè ti dé": ìfura nípa ohun tó ti kọjá ni. Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ yìí fún èèyàn mẹ́rin. Ti agbára, can ni. Ti ìyọ̀ǹda, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, àfi kéèyàn na ọwọ́ kó ní "Excuse me ma, may I go and ease myself?" Ọmọ tó bá ní "can I", tíṣà á dá a lóhùn pé òun ò mọ̀ bóyá ó lè, ọmọ ọ̀hún á sì máa fún itan pọ̀ níbi tí tíṣà ti ń fi gírámà ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ògiri kíláàsì, can ni gbogbo ayé fi ń tọrọ àyè báyìí, may wá dà bí aṣọ òkè tí wọ́n ń gbé jáde lọ́jọ́ pàtàkì. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdánù oorun nítorí ìyẹn.

Ibi tó yẹ ká tẹ̀ sí ni òjò. "It may rain", "it might rain", "it could rain", gbogbo rẹ̀ ló dára. Might kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ sí may, bí ẹni ní "ó lè rọ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ sọ̀yà." Àmọ́ "it can rain" kì í ṣe ìfura nípa ọ̀sán òní rárá. Ohun tó ń wí ni pé irú ibẹ̀, òjò a máa rọ̀ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní "Lagos can be very hot in March", Yorùbá tó dáa kò ní pè é ní "Èkó lè gbóná". "Èkó a máa gbóná gan-an nígbà mìíràn lóṣù Kẹta" ni. "My uncle can be stubborn": ẹ̀gbọ́n bàbá mi a máa ṣorí kunkun bó bá dé sí i. "A máa" yìí kan náà ló tún wà nídìí would kan tí ọ̀pọ̀ wa kò fura sí. "My grandmother would tell us stories after supper" kò ní ká ní nínú, kò ní bí nínú; ìyá ìyá mi a máa pàlọ́ fún wa lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni. Bó o bá ti rí "a máa" lọ́kàn rẹ, o ti mọ̀ pé ti àtijọ́ á gba would, ti "nígbà mìíràn" á gba can.

Could náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. "I could swim when I was six" tọ̀nà, mo mọ̀wẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó sáré bá bọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí tó sì wọlé, tó wá ní "I could catch the bus", kò tíì sọ fún ẹni tó ń gbọ́ ọ bóyá ó wọ̀ ọ́. Yorùbá rẹ̀ ni "mo jàjà rí bọ́ọ̀sì wọ̀". Jàjà yẹn, managed to ni, tàbí was able to. Bí kò bá rí i wọ̀, couldn't ò ní wàhálà.

Ká wá sí must. Must àti "gbọ́dọ̀" bá ara wọn mu bí igbá àti ìdérí, kódà nínú ìyísódì: "o kò gbọdọ̀ lọ", you must not go, èèwọ̀ ni méjèèjì. Have to ló ń fa ìjà. "You have to go" àti "you must go" jọ ara wọn débi pé èèyàn á rò pé bí wọ́n bá yí àwọn méjèèjì sódì, wọ́n á ṣì jọra. Wọn ò jọra mọ́. "You don't have to go" túmọ̀ sí pé kò pọn dandan, bó wù ọ́ lọ, bí kò wù ọ́ jókòó.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa gba oògùn tuntun, ó ní kí ọmọ-ọmọ òun ka ìwé inú páálí rẹ̀ fún òun. Ọmọ náà, tó wà ní JSS2, rí "you do not have to eat before taking this medicine", ó túmọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́: "Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó, màmá." Màmá gbọ́ràn. Nígbà tí mo yà kí wọn ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú wọn ti wọlé, wọ́n ń wo abọ́ ẹ̀kọ tó ti tutù nílẹ̀, wọ́n ń dúró de aago kan tí wọ́n fẹ́ lo oògùn. Oògùn ọ̀hún kò bá oúnjẹ jà. Gírámà ló febi pa wọ́n.

Must tún ń ṣe iṣẹ́ kejì, iṣẹ́ ọlọ́pàá tó ń wá ẹ̀rí. Mo rí bàtà Ṣọlá lẹ́nu ọ̀nà: "He must be home", ó ní láti jẹ́ pé ó ti wà nílé. Òdìkejì rẹ̀ kì í ṣe mustn't, can't ni. "He can't be home", kò lè jẹ́ pé ó wà nílé. Àwọn ìwé gírámà máa ń fi ojú ewé púpọ̀ ṣàlàyé èyí fún àwọn èdè mìíràn. Ọmọ Yorùbá kò nílò rẹ̀, torí bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé gan-an nìyẹn, "ní láti" ní apá kan, "kò lè" ní apá kejì. Should náà bẹ́ẹ̀. "You should greet her", ó yẹ kó o kí i. "The bus should be here by now", ó yẹ kí bọ́ọ̀sì ti dé. Yíyẹ ti ìwà àti yíyẹ ti aago, ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi sọ wọ́n.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ àbúrò mi báyìí, nítorí pé ọ̀wọ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ kí àgbà kan bá òun ṣí fèrèsé, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣí fèrèsé yẹn." Nínú gbólóhùn kékeré yẹn, ọ̀wọ̀ ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì: "Please sir, open that window for me." Ẹ ti di you, o náà ìbá di you, ìdọ̀bálẹ̀ ti parẹ́. Ohun tó kù létí Gẹ̀ẹ́sì ni àṣẹ tí wọ́n fi please lẹ̀ mọ́ iwájú. Àwọn náà ní "o" àti "ẹ" tẹ́lẹ̀ o. Ní ayé Shakespeare, thou àti you ṣì wà ní ìgboro. You gbé thou mì, ilé tí ọ̀wọ̀ wọn sì ń gbé lónìí wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́sàn-án yìí: "Could you open the window?" "Would you mind opening the window?"

Wo could àti would dáadáa. Ìrísí àná ni wọ́n ní, could jẹ́ àná can, would jẹ́ àná will, might jẹ́ àná may. Fèrèsé tí wọ́n ń sọ wà níwájú wa, ooru ń mú wa lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ni àná wá ṣe níbẹ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nínú "ẹ" ló ń ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo lò ń kí, o kí i bí ẹni kí ogún èèyàn. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ti òní, ó sọ ọ́ bí ẹni sọ ti àná. Àwa fi iye fa ara wa sẹ́yìn kúrò lójú àgbà. Àwọn fi àkókò fà á. Ẹni tó bá ti mọ èyí, kò tún nílò kí wọ́n há polite request kankan fún un. Ibikíbi tó bá ti máa ní "ẹ" ní Yorùbá nígbà tó fẹ́ tọrọ nǹkan, could tàbí would ni kó na ọwọ́ sí.

"You might want to" wá jẹ́ ẹ̀wù méjì lórí ara wọn, might lókè, want lábẹ́. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tó ní "would you like to take a seat?" kò béèrè ohun tó wù ọ́, jókòó ló ní kó o jókòó. Tíṣà wọn tó ní "would you like to tell the class what is so funny?" ti mú pàṣán dání.

Síbẹ̀, àwọn èèyàn kan náà yìí, bó o bá dé ilé wọn, wọ́n á ní, "You must try this cake!" "You must come and see us again!" Ó ya àbúrò mi lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́; ó rò pé kéèkì ọ̀hún ti di ọ̀ranyàn. Bí mo ṣe rí i nìyí: ohun tó máa ṣe ìwọ láǹfààní, wọ́n á fi must pa á láṣẹ, ohun tó máa ṣe àwọn láǹfààní, wọ́n á fi could tọrọ rẹ̀. Àwa náà kúkú ń ṣe é. Àlejò tó ní òun ti yó, ta ló ń sọ fún un pé "ẹ lè jẹun bó bá wù yín"? Dandan ni kó jẹun.

Torí pé would ń ru ọ̀wọ̀ yìí ló ṣe di pé a ti ń lò ó ní ìlòkulò. Gbé káàdì ìpè èyíkéyìí nílẹ̀ wa: "The wedding would hold on Saturday. Reception would follow immediately." Àlejò kan tó ti London wá, tí mo gbà sílé, ka irú káàdì bẹ́ẹ̀, ó gbójú sókè, ó bi mí pé kí ló fẹ́ dí àpèjẹ náà lọ́wọ́. Would tí kò ní "bí" lẹ́yìn, létí tirẹ̀, gbólóhùn tí kò tíì parí ni: àpèjẹ ìbá tẹ̀ lé e, bí kì í bá ṣe pé... Mo mọ ohun tó ń ṣe wá. Will gbẹ lẹ́nu wa, would ní ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ṣe ni ó dà bí ẹni ń fi "ẹ" pe ọmọ ọdún méjì. Ìdánwò tí mo ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rọrùn: sọ ọ́ ní Yorùbá ná. Bó bá jẹ́ "yóò" tàbí "máa", will ni. Bó bá jẹ́ "ìbá", would ni. Ibì kan tí ìdánwò yìí ti ń ya aláìgbọ́ràn ni ìgbà tí a bá ń ròyìn ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ti sọ: "ó ní òun máa wá", he said he would come, torí said ti fa will lọ sí àná pẹ̀lú ara rẹ̀.

"Ìbá" yìí, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Òun la fi dá orúkọ fún ẹ̀dùn ọkàn: à bá mọ̀, àbámọ̀, tí wọ́n ní ó máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní àbámọ̀ kan ṣoṣo, ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. "I should have called", ó yẹ kí n ti pè, ẹ̀bi mi ni. "I could have called", àyè rẹ̀ wà, mi ò lò ó. "I would have called", ǹ bá ti pè, ohun kan ló dí mi lọ́wọ́, má sì jẹ́ kí n sọ ọ́. "I needn't have cooked" tún burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo ti se ìrẹsì tán kí wọ́n tó pè pé àwọn ò wá mọ́. Àṣìṣe tó sábà ń bá wa níbí wá láti inú Yorùbá tó dán mọ́rán. "Ǹ bá mọ̀, ǹ bá má wá": bá wà lápá ọ̀tún, bá wà lápá òsì. A wá ń kọ "if I would have known, I would not have come." Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ẹ lápá kan péré: "if I had known". Bó bá dùn yín, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí sínú èdè náà ló ń kọ "should of" nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni should've ṣe ń dún létí wọn.

Shall ti ń darúgbó. John Wallis ló kọ òfin kan sílẹ̀ ní 1653, nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì tó fi èdè Látìn kọ, pé èmi àti àwa ló ni shall bí a bá ń sọ ọjọ́ iwájú lásán, pé àwọn yòókù ló ni will. Wọ́n fi òfin yìí na ọmọ ilé-ìwé títí, mi ò sì tíì rí ẹni tó ń tẹ̀ lé e nínú ọjà. Ibi méjì ni shall ṣì ti ń jẹun. Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè, níbi tí Yorùbá ti ń lo kí: "Shall I open it?", ṣé kí n ṣí i? "Shall we go?", ṣé ká lọ? Èkejì ni òfin. Abala 58 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi shall sọ ohun tí Ààrẹ ní láti ṣe sí àbádòfin tó bá dé iwájú rẹ̀, láàárín 30 ọjọ́, bóyá ó buwọ́ lù ú tàbí kò buwọ́ lù ú. Abala 175, tó fún un ní agbára láti dárí ji ọ̀daràn, may ló lò. Gbèsè ni ti àkọ́kọ́, agbára ni ti èkejì, gẹ́lẹ́ bí àwọn baba ńlá ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jẹ́. Shall ti sú àwọn ará Gúúsù Áfíríkà. Must ni wọ́n fi kọ ojúṣe ìjọba sínú ìwé òfin wọn ti 1996, kó lè yé ará ìgboro.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ìwé gírámà kì í sọ, torí ẹnu ló wà. Mo sọ fún oníbàárà kan ní Amẹ́ríkà lórí fóònù pé "I can finish it on Monday." Ọjọ́ Monday pé, mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó ti wá ẹlòmíràn. Can't ló gbọ́. Fáwẹ̀lì tí Yorùbá bá pè, kì í pè é ní àbọ̀. Gbogbo sílébù ló ń gba oúnjẹ tirẹ̀. Àwọn kì í pe can ketekete láàárín gbólóhùn, "kn" lásán ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀. Finish ló ń gba agbára. Can't ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, t ìparí rẹ̀ sì sábà máa ń sọnù sínú ọ̀fun lẹ́nu ará Amẹ́ríkà. Can tí mo pè gbọn-in gbọn-in bí ẹni kan ìṣó, tí mo rò pé mo fi ń dá a lójú, òun gan-an ló jọ can't létí rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo ń gbé can mì, "I kn FINISH it", ó sì ń dà bíi pé mò ń jalè nígbà tí mo bá sọ ọ́.

Àbúrò mi tún pè mí lóṣù tó kọjá. Kò bínú lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn ń fura.

"Bọ̀dá, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o. 'You might want to take Friday off.' Ṣé àṣẹ ni, àbí wọ́n ń ṣe mí lóore?"

Mo bi í pé ta ló sọ ọ́. Ó ní ọ̀gá ọjọ́sí náà ni. Mo bi í pé ta ni ọjọ́ Friday yẹn máa ṣe láǹfààní. Ó dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kà á lẹ́nu, ó wá ní iṣẹ́ alẹ́ mẹ́fà tẹ̀ léra lòun ti ṣe láìsinmi.

Mo ní, "Lọ sùn."